Ìlù Inú Àyà: Ẹ Jẹ́ Kí A Máa Kà Á

Oníkálukú ló ní ohun tí ó gbà á lọ́kàn. Ẹlòmíràn wà tí kò lè rí ọkọ̀ kí ó má ka nọ́ńbà rẹ̀. Ẹlòmíràn wà tí ó jẹ́ pé gbogbo góòlù tí a ti gbá sáwọ̀n láti ogún ọdún wá ni ó há sórí. Ní tèmi, ìlù ọkàn ọmọ ènìyàn ni. Bí mo bá jókòó nínú dánfó láti Ojúẹlẹ́gba sí Yàbá, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ sì dá wa dúró, ẹ ó rí i pé ìka méjì ọwọ́ ọ̀tún mi ti wà lórí ọrùn-ọwọ́ òsì, ojú mi yóò sì wà lára aago. Mo ń ka ìlù ọkàn mi ni. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ti fi mí ṣe ẹ̀fẹ̀ títí, wọ́n sọ mí ní Tíṣà Kì-kì-kì. N kò bínú sí orúkọ náà rárá.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí mo ti kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ti mú mi. Ní ọjọ́ kan, olùkọ́ wa tí ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ ìlera ní kí oníkálukú ka ìlù ọkàn rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko, kí ó sì wá kọ iye rẹ̀ sí ojú pátákó. Nígbà tí a kọ ọ́ tán, ẹnu yà wá. Ẹnìkan kọ 54, ẹlòmíràn kọ 96. Ẹni tí ó kọ 54 ni ó ń sáré jù nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa. Ẹni tí ó kọ 96 ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ẹ̀bà tán ni, ó sì sáré gun àtẹ̀gùn dé kíláàsì. Olùkọ́ náà kò sọ ju gbólóhùn kan lọ: "Ẹ rí i pé ọkàn yín ti sọ ìròyìn yín kí ẹ tó la ẹnu." Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ìròyìn náà kiri.

Kí ni ọkàn yìí gan-an? Ẹran kan ni tí kò tóbi ju ìkúùkù ẹni tí ó ni ín lọ, ìwọ̀n rẹ̀ lára àgbàlagbà sì jẹ́ bíi 300 gíráàmù. Ìyẹ̀wù mẹ́rin ni ó ní, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Lítà ẹ̀jẹ̀ bíi 5 ni ó ń tì jáde ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan nígbà tí a bá jókòó jẹ́ẹ́. Bí a bá ní ó ń lù ní ìgbà 70 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀ bí ọmọ ilé-ìwé: ìgbà 4,200 ní wákàtí kan, ìgbà 100,800 láàárín ọ̀sán àti òru, ó sì lé ní mílíọ̀nù 36 ní ọdún kan. Bí oyún bá ti pé bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ó ti dúró, ọkàn ọmọ inú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í lù, kò sì tún ní gba ìsinmi mọ́ títí di ọjọ́ ìkẹyìn. Kò sí òṣìṣẹ́ kan ní Èkó yìí tí ó lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láìgba ìsinmi.

Ta ni ń lu ìlù náà? Àwa tí a mọ ìlù dùndún yóò tètè lóye èyí. Nínú ẹgbẹ́ onílù, ìyáàlù ni ó ń darí, àwọn yòókù a sì máa tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni nínú ọkàn. Ní apá òkè lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹran kékeré kan wà tí ó ń dá iná mànàmáná tín-ín-tín sílẹ̀ fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ fún un. Òun ni ìyáàlù. Àwọn olùwádìí méjì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Arthur Keith àti Martin Flack, ni wọ́n rí i ní 1907. Iná yìí a kọ́kọ́ ran àwọn ìyẹ̀wù òkè, wọn a sì fún ẹ̀jẹ̀ sísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni iná yóò dé ibùdó kan ní àárín ọkàn, èyí tí Sunao Tawara, ọmọ ilẹ̀ Japan, ṣàlàyé ní 1906. Níbẹ̀ ni yóò ti dúró díẹ̀, bí ìgbà tí olórin ń mí, kí àwọn ìyẹ̀wù ìsàlẹ̀ lè kún kí wọ́n tó fún tiwọn. Kì, ó dúró díẹ̀, kì. Bí ìdúró díẹ̀ yẹn kò bá sí, ẹ̀jẹ̀ kò ní kún ìyẹ̀wù ìsàlẹ̀ tó bí ó ti yẹ.

Ẹ má rò pé ọkàn tí ó dá ṣáṣá ń lù bí aago ògiri. Kíláàsì mi ní Múṣin ni mo ti ń fi èyí han àwọn ọmọ. Mo ní kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, kí wọ́n kà á: ẹlòmíràn mú 82 wá, ẹlòmíràn 90. Mo ní kí wọ́n sáré yí ilé-ìwé ká lẹ́ẹ̀mejì: ó fò di 140, ó fò di 150, ariwo sì gba gbogbo kíláàsì. Nígbà tí ara wọn balẹ̀, ọmọbìnrin kan na ọwọ́ sókè, ojú rẹ̀ sì fi hàn pé ẹ̀rù ń bà á. Ó ní, "Tíṣà, tèmi ń yára, ó tún ń rọra. Ṣé n kò ní kú?" Mo ní kí ó máa mí sínú díẹ̀díẹ̀, kí ó sì máa mí síta díẹ̀díẹ̀, kí ó má ṣe mú ìka kúrò. Ó rí i pé bí òun bá mí sínú, ìlù náà a yára; bí òun bá mí síta, a sì rọra. Ọ̀pọ̀ ọmọdé ni ó rí bẹ́ẹ̀, àmì ìlera sì ni. Ọkàn ń bá èémí rìn ni, bí onílù ti ń bá ẹsẹ̀ oníjó rìn.

Irú kejì tún wà tí kì í sábà ṣe ohun ìbẹ̀rù. Èmi gan-an ní in. Ní alẹ́, bí mo bá dùbúlẹ̀ lẹ́yìn tí mo ti mu kọfí tàbí tí mo jẹ obì nítorí ìwé àwọn ọmọ tí mo fẹ́ máàkì, ọkàn mi á dà bíi pé ó fo ìlù kan, lẹ́yìn náà ni yóò kì gbì! bí ẹni gbá ilẹ̀kùn. Dókítà tí ó yẹ̀ mí wò ṣàlàyé pé ìlù kan ni ó yọjú ṣáájú àsìkò rẹ̀, kò sì lágbára. Ọkàn wá sinmi díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì kún un ju ti ìṣáájú lọ, nítorí náà ni ìlù tí ó tẹ̀ lé e fi le. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń ṣe, bí ọkàn wọn kò bá sì ní àìsàn mìíràn, kì í pa wọ́n lára. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé dókítà ni ó yẹ̀ mí wò kí ó tó sọ bẹ́ẹ̀. Èmi kọ́ ni mo dá a sọ fún ara mi.

Wàyí o, mo dé ibi tí mo ń lọ. Èdè wa fẹ́ràn láti fi àyà àti ọkàn sọ̀rọ̀. Bí ẹ̀rù bá bà wá, a ní àyà wa já. Ẹni tí ó gbójú, a ní ó láyà. Bí ìṣòro bá tán, a ní ọkàn wa balẹ̀. Ẹni tí kò mọ èyí tí yóò ṣe, ọkàn rẹ̀ pòrúùrù. Èdè tí ó dùn ni, ṣùgbọ́n ó lè fi òtítọ́ pa mọ́ fún wa. Nítorí pé àyà jíjá jẹ́ orúkọ ẹ̀rù lẹ́nu wa, bí ẹnìkan bá wí pé, "Àyà mi ń já," ohun tí àwọn tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ yóò bi í ni pé, "Kí ni ó bà ọ́ lẹ́rù?" Wọn a ní kí ó má ronú mọ́. Wọn a bi í bóyá ó ní ọ̀tá. Kò sí ẹni tí yóò bi í pé, "Ẹ̀ẹ̀melòó ni ó ń lù ní ìṣẹ́jú kan? Ṣé ó sì ń lọ déédé?" Ẹ̀yin ará, ìbéèrè kejì yìí lè gba ẹ̀mí là.

Ìyá àgbà kan wà ní àdúgbò wa ní Múṣin, tí ń ta elùbọ́ àti ẹ̀wà. Ó lé díẹ̀ ní ọdún márùndínláàádọ́rin. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí mo fẹ́ ra elùbọ́, mo bá a tí ó jókòó tí ó fi ọwọ́ lé àyà.

Ó ní, "Tíṣà, àyà mi ń já."

Mo ní, "Màmá, kí ni ó ṣẹlẹ̀?"

Ó ní, "Kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Jókòó ni mo jókòó. Ó dà bíi pé ẹyẹ kan há sí mi láyà, tí ó ń jà kí ó lè ríbi jáde."

Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ẹyẹ náà ti ń wá tí ó sì ń lọ. Àwọn kan ti sọ fún un pé ìrònú ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní òkè òkun ni. Àwọn mìíràn ní ọwọ́ ayé ni. Ó ti ra àgbo, ó ti gba ààwẹ̀, ó sì ti fi owó fún ẹni tí ó ní òun yóò bá a lé ẹni tí ń dẹ́rù bà á. Mo bẹ̀ ẹ́ pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n di ọwọ́ yín mú fún ìṣẹ́jú kan." Obìnrin tí ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Tíṣà, ṣé o ti fẹ́ gba ìyàwó kejì ni?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ìka mi balẹ̀ lórí iṣan náà, ẹ̀rín tán lẹ́nu mi. Ìlù méjì sáré tẹ̀ lé ara wọn, ó dúró, ẹyọ kan wá tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé gbọ́, ó tún sáré mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, ó tún dúró. Kì í ṣe pé ó fo ọ̀kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ti èmi. Kò ní ìlànà rárá, bí ọjà tí oníkálukú ń pariwo tirẹ̀. Mo kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko, ó jẹ́ 118. Mo padà wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, bákan náà ni ó rí. Mo ní, "Màmá, n kì í ṣe dókítà, n kò sì lè pe orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlù yìí kò lọ déédé. Ilé-ìwòsàn ni kí a lọ."

Ó wò mí. Ó ní, "Owó elùbọ́ ni kí n kó fún wọn?"

Mo ní, "Màmá, ẹni tí yóò ta elùbọ́ ni a fẹ́ tọ́jú."

Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ni ó mú un lọ, mo sì tẹ̀ lé wọn. Wọ́n lẹ okùn tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn láyà, lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀, ẹ̀rọ náà sì fa ìlà ọkàn rẹ̀ sórí bébà. Mo rí ìlà náà. Ìlù tí ìka mi ti gbọ́ wà níbẹ̀ lójú bébà, ìkan jìnnà sí ìkejì, ìkẹta sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí. Dókítà pe orúkọ rẹ̀ ní atrial fibrillation. Ó ṣàlàyé fún Màmá pé àwọn ìyẹ̀wù òkè ọkàn rẹ̀ kò fún ẹ̀jẹ̀ mọ́, ńṣe ni wọ́n ń gbọ̀n rìrì. Iná ń ṣẹ́ níbi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìyáàlù kò sì rí àyè darí. Ó ní kì í ṣe ìlù tí ó dàrú nìkan ni ohun tí a ń bẹ̀rù. Ẹ̀jẹ̀ tí kò ṣàn dáadáa nínú ìyẹ̀wù òkè lè dì, bí ẹ̀kọ tí a gbé kalẹ̀ tí a kò rò mọ́ ti ń dì. Bí ìdì ẹ̀jẹ̀ náà bá já, tí ó bá ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ, tí ó sì dí iṣan ibẹ̀, rọpárọsẹ̀ dé nìyẹn. Ewu rọpárọsẹ̀ fún ẹni tí ó ní irú ọkàn yìí tó ìlọ́po márùn-ún ti ẹni tí kò ní in.

Nígbà tí Màmá gbọ́ rọpárọsẹ̀, ó dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni àrùn yìí gbé dè mọ́ ibùsùn fún ọdún mẹ́rin kí ó tó kú, òun ni ó sì ń fọ aṣọ rẹ̀.

A fún un ní oògùn tí ó ń mú ọkàn rọra àti èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Oògùn kejì yìí kì í ṣe olówó pọ́ọ́kú. Ìgbà kan wà tí ọjà kò tà, tí ó ní òun yóò máa lò ó ní ọjọ́ kan, òun yóò sì fi ọjọ́ kejì sílẹ̀. A bẹ̀ ẹ́, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kò mọ ọjọ́ tí owó wà àti ọjọ́ tí owó kò sí. Àwọn ará àdúgbò dá owó jọ fún oṣù méjì, ọmọ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó oògùn ránṣẹ́ lọ́tọ̀. Ó ti di ọdún méjì báyìí. Màmá ṣì ń ta elùbọ́. Bí mo bá kọjá, kì í tún kí mi mọ́ kí ó tó wí pé, "Tíṣà, 76 ni lónìí!"

Ìka méjì nìkan ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ó gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ọmọ ènìyàn tó mọ ohun tí ìka náà ń gbọ́. Ní 1628 ni William Harvey, dókítà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé tí ó fi hàn pé ọkàn ni ó ń ti ẹ̀jẹ̀ yí gbogbo ara ká. Kí ó tó di 1816, etí ni àwọn dókítà ń fi lé àyà aláìsàn. Ní ọdún náà ni René Laennec, ará Faransé, ní láti gbọ́ ọkàn ọ̀dọ́mọbìnrin kan, ojú sì ń tì í láti gbé etí lé e láyà. Ó ká bébà bí ọpọ́n ìfọn, ó gbé orí kan lé àyà ọmọbìnrin náà, ó fi etí sí orí kejì, ó sì gbọ́ ọ ketekete ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ẹ̀rọ tí dókítà ń fi kọ́rùn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Willem Einthoven, ará ilẹ̀ Holland, ni ó sì ṣe ẹ̀rọ tí ó ń fa ìlà ọkàn dáadáa; a fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1924. Ìlà tí wọ́n fà fún Màmá elùbọ́ wa, ọmọ iṣẹ́ Einthoven ni.

Ẹ má sì wí pé ti àwọn arúgbó ni. Ẹni tí ó bá ń gbé Sùúrùlérè mọ pápá ìṣeré ńlá tí ó wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Ògọ́sítì, 1989, Nàìjíríà ń bá Àǹgólà gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ nítorí àtilọ sí ìdíje Ife Àgbáyé. Samuel Okwaraji wà nínú àwọn tí ń gbá a fún wa. Ọmọ ọdún 25 ni, amòfin ni pẹ̀lú, òkè òkun ni ó sì ti ń gbá bọ́ọ̀lù jẹun. Ní ìṣẹ́jú 77, ó ṣubú lulẹ̀, kò sì dìde mọ́. A kò tí ì bí mi nígbà náà, ṣùgbọ́n bàbá mi wà nídìí tẹlifíṣọ̀n, ó sì sọ fún mi pé gbogbo ilé dákẹ́ bí ẹni pé wọ́n pa iná. Nígbà tí a yẹ òkú rẹ̀ wò, a rí i pé ọkàn rẹ̀ ti tóbi ju bí ó ti yẹ lọ, ó sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó lè sáré fún àádọ́rin ìṣẹ́jú ó lé, ta ni yóò wò ó tí yóò ní ó ń ṣàìsàn?

Ẹ wá fi ìyẹn wé ti Nwankwo Kanu. Ní 1996, òun ni balógun ẹgbẹ́ wa tí ó gba wúrà ní ìdíje Òlíńpíìkì ní Atlanta. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ẹgbẹ́ Inter Milan ní Ítálì yẹ ara rẹ̀ wò, tí wọ́n sì rí i pé ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn inú ọkàn rẹ̀ ní àbùkù. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní Amẹ́ríkà ní oṣù Nòfẹ́ńbà ọdún kan náà. Ó padà sórí pápá ní 1997, ó sì tún gbá bọ́ọ̀lù fún wa ní Ife Àgbáyé ti 2010. Ní 2000 ni ó dá àjọ Kanu Heart Foundation sílẹ̀, tí ó ń ran àwọn tí ọkàn wọn ní àbùkù lọ́wọ́. Òwe àwọn àgbà ni pé àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Ní ti Kanu, àìsàn ni a bá, a sì wò ó.

Ìgbà mìíràn wà tí kò sí ẹni tí ó mọ̀ ṣáájú. Ní ọjọ́ 12 oṣù Júùnù, 2021, Christian Eriksen ti ilẹ̀ Denmark ṣubú lórí pápá ní Copenhagen. Ọkàn rẹ̀ dúró. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àyà rẹ̀, wọ́n sì fi ẹ̀rọ iná mànàmáná ta ọkàn náà jí. Wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kan sí i lára tí yóò máa ṣọ́ ọkàn rẹ̀, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e.

Kódà ìyáàlù tí ó ti rẹ̀ ní arọ́pò. Ní oṣù Òkítóbà 1958, ní ilẹ̀ Sweden, wọ́n fi ẹ̀rọ tí ń darí ìlù ọkàn sínú ara ọkùnrin kan, Arne Larsson. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ láyé tí a ṣe é fún. Wákàtí díẹ̀ ni ẹ̀rọ àkọ́kọ́ náà fi ṣiṣẹ́. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n sì ń pààrọ̀ rẹ̀ kiri, títí ó fi lo mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ọkùnrin tí ọkàn rẹ̀ ti ń dákú lójoojúmọ́ yìí wà láyé títí di 2001, ó sì jẹ́ ẹni ọdún 86 kí ó tó kú.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ti ń kà á. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ yí àtẹ́lẹwọ́ òsì sókè. Ẹ fi ìka tí a fi ń júwe àti èyí tí ó tẹ̀ lé e lé ọrùn-ọwọ́, ní ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò. Ẹ má lo àtàǹpàkò fúnra rẹ̀, nítorí òun náà ní ìlù tirẹ̀, yóò sì da ìṣirò yín rú. Ẹ kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko, kì í ṣe ìdajì. Fún àgbàlagbà tí ó jókòó, 60 sí 100 ni ó yẹ kí ó wà; ti eléré ìdárayá lè kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, ti ọmọdé a sì máa pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ tún fetí sí i bóyá ó ń lọ déédé. Bí ó bá dàrú láìní ìlànà, tàbí tí ó ń sáré láìnídìí, tàbí tí ó rọra jù, ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ sì mú un lọ bá dókítà. Bí òòyì tàbí ìdákú, àyà dídùn tàbí àìlèmí dáadáa bá wà pẹ̀lú rẹ̀, ẹ má dúró di ọ̀la. Ẹ jẹ́ kí a máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín pẹ̀lú, nítorí pé kì í sábà pariwo. Ẹ̀yin òbí, bí ọ̀nà ọ̀fun bá ń dun ọmọ yín, tí ibà sì bá a wá, ẹ mú un lọ síbi tí wọn yóò ti wò ó dáadáa; irú ọ̀fun dídùn kan wà tí ó jẹ́ pé, bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ó lè padà wá ba àwọn ilẹ̀kùn ọkàn jẹ́.

Bí ẹnìkan bá ṣubú lójú yín, tí ó bá dákú tí kò sì mí dáadáa, ẹ má da omi sí i lẹ́nu, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn èrò máa jiyàn lé e lórí. Kí ẹnìkan pe 767 tàbí 112. Kí ẹnìkejì tẹ́ ẹ sí gbalaja lórí ilẹ̀ tí ó le, kí ó gbé ìdí àtẹ́lẹwọ́ lé àárín àyà rẹ̀, kí ó fi ọwọ́ kejì lé e, kí ó sì máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kíkankíkan. Kí ó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 5, kí ó sì yá tó ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan. Kí ó má dáwọ́ dúró títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́, kí ẹlòmíràn gbà á. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti dúró kò lè lu ìlù náà mọ́. Ọwọ́ yín ni yóò bá a lù ú.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, a ń kọ́ ọmọ ní ìsọdipúpọ̀ fún ọdún púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀sán ọjọ́ kan kọ́ ọ bí a ti ń ka ìlù ọkàn, kí ó sì délé ka ti ìyá rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀ àgbà. Kò ní ná wa ní kọ́bọ̀. Ẹ̀yin aṣáájú ìjọ àti ti mọ́ṣáláṣí, bí ẹnìkan bá wá bá yín pé àyà òun ń já, ẹ gbàdúrà fún un, kí ẹ sì bi í bóyá ẹnikẹ́ni ti ka ìlù rẹ̀. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ìka méjì tó fún wa láti fi ṣọ́ ọkàn. Bí àyà bá sì ń já tí kò sí ohun tí ó já a, ẹ má kọ́kọ́ wá ọ̀tá kiri àdúgbò. Aago ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.